Ajá Inú Ẹ̀kọ́ Kẹrin

Ọ̀gá Millalonco, mo ti ṣí àpótí bàtà yẹn.
Sídíì mọ́kàndínlógún ló wà níbẹ̀. Ojú méje ti fá,
ìyókù ṣì ń sọ̀rọ̀.
Òjò ń lu páànù ilé ẹ̀kọ́ wa ní Achao
bó ṣe ń lù ú nígbà ayé yín,
mo jókòó ti kọ̀ǹpútà,
ohùn yín kún yàrá.

Ìjọba ní ká ṣe ẹ̀kọ́ tuntun sórí íńtánẹ́ẹ̀tì
fún àwọn ọmọ erékùṣù tí ọkọ̀ ojú omi kì í dé lọ́jọ́ ìjì.
Tuntun! Ta ló fẹ́ dá òkun tuntun?
Omi tí ẹ yà ní fọ́tò lọ́dún tí wọ́n bí mi
etíkun kan náà ló ṣì ń wọ̀,
ó ń kún, ó ń fà.
Ọmọ aṣégità ń náání èpo igi;
èmi ń náání fáìlì.

Mo gé, mo rán.
Mo yọ òṣùpá inú ẹ̀kọ́ yín kejì,
mo fi ti ohùn inú ìkẹsàn-án,
mo kọ ìbéèrè mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀.
Gbogbo ibi tí ẹ ti wúkọ́, mo gé e dànù.
Ajá kan ń gbó lẹ́yìnkùlé
bí ẹ ṣe ń ṣàlàyé ìdí tí omi fi ń sá fún wa
lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.
Mo gé òun náà.

Lẹ́yìn náà ni mo wọ bàtà rọ́bà, mo lọ bá Ìyá Erminda,
torí a kì í mú ohun olóhun láìtọrọ.
Wọ́n ń bó pòtétò dúdú nídìí sítóòfù.
Wọ́n gbọ́ yín dé òpin, wọn ò sunkún.
Wọ́n ní, "Ajá dà?"
Mo ní ariwo ni, màmá.
"Capitán ni. Dá a padà.
Orúkọ ọkọ mi ńkọ́?"
Mo fi hàn wọ́n nísàlẹ̀. Wọ́n fẹjú mọ́ ọn,
wọ́n ní kí n mú un tóbi sí i.
"Ó dáa. Ẹni tó bá wù kó lò ó,
kó ṣáà ti dárúkọ rẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ní Apiao,
Yasna Guenteo ṣí ẹ̀kọ́ kẹrin lórí fóònù ìyá rẹ̀.
Ó kọ̀wé sí mi:
*Mo ti mọ ohun tó ń fa omi.
Ṣùgbọ́n, tíṣà, ajá ta nìyẹn?*

Mi ò tíì dá a lóhùn.
Orí àpótí bàtà ni mo tún wà,
mò ń wá fọ́tò Capitán.