Ìdì Kan Lẹ́yìn Géètì

Lẹ́yìn géètì, níbi tí omi ti máa ń dárogún,
mo fi àlùmọ́gàjí gé ewé mẹ́ta lára ìdì kan ṣoṣo.
Bàbá mi, Idwal, fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ń wò mí.
"Heledd, koríko bo òkè yìí títí dé etí òkun.
Kí ló dé tó jẹ́ èyí?"

Ọdún tí òjò kọ̀ ní Wélsì ni mo rántí:
pápá pọ́n bí irun ajá, àgùntàn ń lá òkúta,
ìdì yìí nìkan ló tutù yọ̀yọ̀,
atẹ̀mọ́lẹ̀-má-kùú, agé-tún-hù,
ọmọ tí pátákò kọ́ lẹ́kọ̀ọ́.

Mo gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò nínú àpò yìnyín.
Mo lọ̀ ọ́ kúnná, mo fọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ,
títí ó fi ku òwú funfun tín-ín-rín
tó ń léfòó nínú ọtí bí itọ́ ọmọ ọwọ́.
Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí kà á lóru.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni ábídí rẹ̀.
Mẹ́rin! Síbẹ̀ ó kọ ọ́ ju bílíọ̀nù méjì lọ,
ó ká a sórí okùn:
méje láti ọ̀dọ̀ ìyá, méje láti ọ̀dọ̀ bàbá,
ìyá àti bàbá tí afẹ́fẹ́ ṣe alárinà fún.
Mo rò pé ìtàn ni màá bá níbẹ̀. Àwítúnwí ni mo bá,
gbólóhùn kan náà, ẹgbẹ̀rún ìgbà, ẹgbẹ̀rún ìgbà,
bí ìyá àgbà Tegwedd kó tó kú,
tó ń sọ ọ̀rọ̀ ẹṣin dúdú kan fún wa ní gbogbo ìrọ̀lẹ́,
tí a kò fura pé orúkọ kan ń yí padà nínú rẹ̀,
díẹ̀díẹ̀.

Ọdún mẹ́rin. Mo ń to àjákù mọ́ àjákù.
Kọfí tutù, ojú mi ń ṣe bàìbàì.
Ibì kan wà láàárín okùn kẹrin tó ṣókùnkùn biribiri.
Mo fi àlàfo sílẹ̀ síbẹ̀. N kò fi irọ́ dí i.

Mo tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì ìdáná bàbá mi.
Ó wọ awò ojú. Ó fi ìka tó nípọn tọ okùn kejì lọ
bí ẹni ń wá ọ̀nà ilé.
"Níbo ni wọ́n kọ ọ̀gbẹlẹ̀ sí?"
Mo ní ó lè jẹ́ ibí, ó sì lè jẹ́ ọ̀hún.
"Ó lè jẹ́," ni ó wí. Kò rẹ́rìn-ín.

A jọ rìn dé géètì nínú ìrì.
Àgbò kan ti ṣáájú wa débẹ̀,
ó ń já ewé ìdì náà jẹ, ẹnu rẹ̀ kún.
Bàbá mi na ọ̀pá sókè, ó tún sọ ọ́ kalẹ̀.
"Jẹ́ kó jẹun. Gbòǹgbò ṣì wà nílẹ̀."