Ohun Tó Wọ́n Kò Ṣeé Wọ̀n

Agogo méjì òru ni mo máa ń jí.
Ní Olhão, létí òkun gúúsù ilẹ̀ Pọ́túgà,
ààrò mi á ti gbóná kí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja kankan tó dún.
Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wọn ìyẹ̀fun,
mò ń wọn ṣúgà, mò ń wọn iyọ̀.
Bí gíráàmù márùn-ún bá dín, àtẹ́lẹwọ́ mi á mọ̀.

Mo rò pé mo mọ nǹkan wọ̀n
títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Nọ́ọ̀sì Graciete
ní kí o bọ́ bàtà, Leonilde, kí o gun òṣùwọ̀n.
O ò wo nọ́ńbà náà. Ògiri lo ń wò,
àwòrán ọmọ jòjòló tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.
Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀bi kọ́. Kílò mẹ́fà, bóyá méje,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìfebi para ẹni:
ara tí ebi ń pa kì í gbàlejò.
Ó ní kóró fólíìkì kan lójúmọ́, láti ìsinsìnyí,
kí àlejò náà tó kanlẹ̀kùn.
Mò ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn.
Ló bá yíjú sí mi: “Ìwọ ńkọ́, Amílcar?
Bọ́ bàtà tìrẹ náà.”

Òṣùwọ̀n ké. Tàbí etí mi ló gbọ́ bẹ́ẹ̀.
O rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ lóṣù yẹn.

Àwa méjèèjì la jọ ń wá ọmọ,
ìwọ nìkan ni wọ́n ń bi léèrè.
Ìyá mi á gbé kéèkì ọ̀pọ̀tọ́ wá lọ́jọ́ Àìkú:
“Jẹun, ọmọ mi. Igi gbígbẹ kì í so.”
Lọ́jọ́ Ajé, níbi tí o ti ń to sadíìnì sínú agolo,
ẹnìkan á ní, “Ọ̀rá yẹn ni kò jẹ́.”
Ẹnu méjì, ọ̀nà méjì, ikùn kan ṣoṣo.
Èmi náà ń gbé kéèkì ẹlẹ́yin gbígbóná wálé fún ọ,
àpò bébà á rin fún òróró,
mo ń pè é ní ìfẹ́.

Ní báyìí, bí mo bá ti pa ààrò láago méje,
wàá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, o ti so okùn bàtà rẹ.
A ó gba ẹ̀gbẹ́ àwọn oko iyọ̀ lọ.
Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ò tíì dé ìdajì ọ̀nà
tí mo ti ń mí bí ẹwìrì.
Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo fi páálí sìgá mi sílẹ̀ lórí òkúta kan,
n ò padà lọ mú un.
Àwọn ẹyẹ kan wà níbẹ̀, bí lékeléke tó kun osùn,
ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dúró nínú omi.
O ní, “Wò wọ́n. Wọn ò kánjú.”

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, nǹkan oṣù rẹ dé.
O jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nílé ìdáná
pẹ̀lú kéèkì ọ̀pọ̀tọ́ ìyá mi lórí itan.
Mo jókòó tì ọ́. A jẹ ẹ́ tán.
A ò wọ̀n ọ́n.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tún bá ọ lẹ́nu ọ̀nà.

Kílò mẹ́rin ti lọ lára rẹ, mẹ́ta lára mi.
Ọmọ ò tíì dé, n ò ní purọ́.
Ìyẹ̀fun ni mo mọ̀: o pò ó, o bò ó,
o ò gbọdọ̀ máa ṣí i wò lójú méjèèjì.
Nígbà míì á wú. Nígbà míì òtútù á mú un,
ọwọ́ tó pò ó ò jẹ̀bi.
Ọmọ wọ́n, Leonilde,
ohun tó wọ́n kò ṣeé wọ̀n.

Lánàá, o ṣàdédé sáré.
O ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀.
Ẹ̀yìn rẹ ni mo rí tó ń jìnnà lọ lójú ọ̀nà iyọ̀,
àwọn ẹyẹ sì gbéra níwájú rẹ.