Ẹni Tó Wà Lábẹ́ Ọkọ̀

Àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó gun páànù Òkè-Àdó,
mo ti tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta sílẹ̀,
mo ti wọ ògbólógbòó ṣòkòtò bàbá mi,
mo sì ti rá wọ abẹ́ Mẹ̀sí.

Ọdún kan náà la dé ilé yìí, èmi àti ẹ̀.
Wọ́n gbé mi dé láti Adéọ̀yọ́ nínú ọ̀já,
wọ́n wa òun dé láti Èkó, ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó.
Màmá mi ní ìwọ́ mi ti já, ìdodo mi ti jinná,
kí bàbá mi tó gbà kí wọ́n ya ọ̀rá yẹn.

Ẹ wò ó lónìí.
Ìpẹtà ń jẹ etí ilẹ̀kùn bí eku ṣe ń jẹ etí ìwé.
Ìràwọ̀ iwájú ẹ̀, àwọn ọmọ kan ti ṣẹ́ ẹ lọ nígbà Iléyá;
kùkùté ẹ̀ ló kù, tó yọ gọngọ bí eyín ọmọdé.

Bàbá mi jókòó sórí àpótí.
Ojú ẹ̀ ti lọ. Etí ló fi ń ríran.
"Ṣáná sí i."
Mo ṣáná sí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́,
ó tún wúkọ́, ó dákẹ́.
"Pùlọ́ọ̀gì kẹta," ni bàbá mi wí.
"Òun kọ́ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn, àwọn ará ilé ẹ̀ ló ń bá a sọ ọ́."
Mo tú u. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo fi sáńpépà fá a, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ,
bí a ṣe ń fẹ́ ojú ọmọ tí yẹ̀pẹ̀ kó sí.

Mùdàṣírù tó ní òun mọ Mẹ̀sí bí ẹní mowó
gbé kábúrétọ̀ wa lọ, ó ní òun fẹ́ fọ̀ ọ́.
Èyí tó gbé padà, ti Dátsùn ni.
Ẹlòmíràn ní ká fọ́ ẹyin sínú rédíétọ̀, pé yóò dí ibi tó ń jò.
Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń gbóòórùn ẹyin sísè,
rédíétọ̀ ò sì yé jò.
Lọ́jọ́ náà ni mo lọ ra sípánà tèmi ní Àràrọ̀mí.
Ẹni tó tà á bi mí pé ta ló rán mi.
Mo ní ẹsẹ̀ mi ni.

Nǹkan bí aago mẹ́wàá, onírin ti ọmọlanke dé:
"Ẹ gbé fíríìjì tó ti kú wá o!"
Ó rí Mẹ̀sí. Ó ka táyà.
Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn bí ẹni ń yẹ ìbẹ́pẹ wò,
ó sì dárúkọ iye kan.
Láti abẹ́ ọkọ̀, bàtà ẹ̀ nìkan ni mò ń rí,
àti ẹsẹ̀ bàbá mi, èékánná tí mo gé lánàá.
Owó yẹn á ra oògùn ojú fún oṣù mẹ́fà.
Èmi náà mọ ìṣirò.
Epo kan kán sí mi létí.
Bàbá mi na ọ̀pá, ó fi kan bọ́ńpà, kóó.
"Kì í ṣe èmi lo máa bi.
Bi ẹni tó wà lábẹ́ ẹ̀."

Onírin bẹ̀rẹ̀, ó sorí kodò, ó yọjú sí mi.
"Háà! Obìnrin ni?"
Mo ní kó nawọ́ nọ́ńbà mẹ́tàlá sí mi.
Ó nawọ́ ẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ló tó dáhùn. Ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́
bí ìyá àgbà tó ń gbàdúrà kó tó sùn.
Bàbá mi di bẹ́líìtì mọ́ra, bí ẹni ń lọ Èkó.
Mo wa á dé ẹnu géètì, mo wa á padà; pépà ẹ̀ ti kú tipẹ́.
"Ibo la dé?"
"Mọ́kọ́lá," ni mo wí.
"Irọ́ ni. Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ Ìyá Ṣùkúrá.
Ṣùgbọ́n má pa iná ẹ̀."

Lálẹ́, mo gbé agolo mílíìkì síbi tó ṣì ń jò.
Mo dúró, mo ń gbọ́ ọ.
Tó, ló wí.
Ó pẹ́ díẹ̀.
Tó.