Eyín Inú Àbàtà

Ní Odense, yìnyín ń bọ́. Thyra ò tíì relé.
Eyín kan tí wọ́n hú nínú àbàtà:
ásíìdì lá a lára fẹ́rẹ́,
purotéènì tó sá pamọ́ jáde ní wẹ́wẹ́.

Ẹ̀rọ fẹ́ wọn sínú òfìfo bí ìyàngbò;
èyí tó fúyẹ́ ti sáré dé,
èyí tó wúwo ń wọ́ bọ̀.
Ó wọn gbogbo wọn, eruku orí eruku.

Àádọ́rin ọdún ni "ọkùnrin" fi wà lára páálí òkú yìí
nítorí idà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wọ̀n ọ́n.
Èyí tó jẹ́ ti ọkùnrin kò yọjú.
Kọfí ti tutù.
"Má bínú, ìyá," ló wí,
ó fa ìlà pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́.
Idà ńkọ́?
Kò fọwọ́ kàn án.