Agolo Kẹfà

Ní Valparaíso, níbi tí ilé ti ń gun ẹ̀yìn ara wọn
bí ọmọdé tó fẹ́ wo òkun,
ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ya tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà sinimá.

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù keje, òtútù mú, òjò ò dá,
èrò méje péré ló wọlé, ajá kan tẹ̀ lé wọn.
Sinimá méjì la fi hàn fún owó ẹyọ kan.

Èkíní, aláwọ̀ mèremère, Paris ni wọ́n ti ṣe é.
Anselme ń kun àwòrán, Odile ń jó,
yàrá kan ni wọ́n jọ háyà, ìkòkò kan, búláńkẹ́ẹ̀tì kan.
Wọ́n ní kí ìfẹ́ ṣì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ná,
àwọn fẹ́ lọ mú òkìkí wálé.
Òkìkí dé lóòótọ́, ó gun ọkọ̀ dúdú dé,
òun àtàwọn tó ń rẹ́rìn-ín kéèyàn tó parí ọ̀rọ̀.
Ìfẹ́ jókòó títí, ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.
Lọ́jọ́ àfihàn, Odile mú ọkọ rẹ̀ wá,
ó wo ara ògiri:
gbogbo obìnrin tí Anselme kùn, etí Odile ni wọ́n ní.
Fayolíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í ké,
kí a má baà gbàgbé pé ibẹ̀ ló yẹ ká ti sunkún.
Hortensia ẹlẹ́ja fọn imú sínú ìbọ̀wọ́.

Èkejì, dúdú àti funfun, láti Georgia.
Zurab ń gbẹ́ orúkọ òkú sára òkúta.
Tamta ń tẹ dùùrù nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ fọ́.
Wọn ò sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, kódà lẹ́ẹ̀kan.
Zurab kàn máa ń yọ òkúta kékeré nínú ààrò,
á fi aṣọ wé e, á gbé e fún un kó fi yá ọwọ́.
Lẹ́tà dé láti Vienna.
Tamta dúró ní ibùdó rélùwéè, òkúta wà lápò,
ọkọ̀ fọn fèrè,
ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè,

aṣọ sinimá di funfun báláú.

Agolo fíìmù mẹ́fà ló yẹ kó dé, márùn-ún la rí.
Belisario tó ń yí ẹ̀rọ ní bóyá ó ṣubú sómi ní èbúté.
Èrò pariwo, wọ́n fẹ́ gbowó wọn.
Ajá nìkan ló jókòó.

Hortensia ní ti Paris ló dára jù,
pé òun mọ ohun tí òun sunkún fún.
Kò purọ́.
Ṣùgbọ́n èmi ò gba Anselme gbọ́.
Etí nìkan kẹ̀? Gìgísẹ̀ tó sán ńkọ́?
Ojú ẹni tó jí lóru tó ń wá omi ńkọ́?
Àwọn méjèèjì sì ń sọ ohun kan náà fún wa,
pé òkìkí àti ìfẹ́ ò lè gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé.
Ta ló wọn ẹnu ọ̀nà náà?

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogún ọdún,
ẹgbẹ́ òṣèré kan fẹ́ mú Belisario lọ sí Buenos Aires.
Ohùn rẹ̀ máa ń mú ife gbọ̀n lórí tábìlì.
Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mi ò ní kó lọ, mi ò ní kó má lọ.
Kò lọ.
Griselda, ọmọ oníbúrẹ́dì, ló fẹ́.
Sinimá wo ló ń sọ tiwa?

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀,
Griselda gbé agolo kan wá fún mi, ó ti dípẹtà,
lẹ́tà tí mi ò lè kà wà lára rẹ̀.
Ó ní abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Belisario fi í sí.
Mi ò bi í ní nǹkan kan.
Mo tú fíìmù náà díẹ̀, mo nà án sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé:
ẹsẹ̀ Tamta wà lókè,
nínú àwòrán kejì ó wà lókè,
nínú ìkẹta, ìkẹrin.
Mo ká a padà.
Mo lọ gbé omi kaná.