Ìwé Òjò

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni bàbá mi máa ń wọn òjò
lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo,
níbi tí agolo bàbà kan dúró sí nínú koríko,
tó lanu sókè bí ọmọ ẹyẹ.
Rélùwéè ti dákẹ́, igbó ti ń gun irin,
wọn ò san owó oṣù rẹ̀ pé mọ́; ó ṣì ń lọ.
Á bẹ̀rẹ̀, á mú ojú rẹ̀ bá ojú omi dọ́gba,
á ní, "Mílímítà mẹ́rìnlá," bí ẹni ń kí àlejò káàbọ̀.
Bí òjò ò bá rọ̀, á kọ òdo.
"Iṣẹ́ ni òdo náà, Àyọ̀ká.
Ẹni tí kò lè kọ òdo,
má gbà á gbọ́ bó bá kọ ọgọ́rùn-ún."

Ìwé yẹn á lọ sí Ìbàdàn,
láti Ìbàdàn á forí lé ibi tí ẹsẹ̀ wa ò dé.
Níbẹ̀, ẹnìkan tí kò gbóòórùn aró rí
nínú ìkòkò àwọn aláró Òṣogbo,
tí kò mọ̀ bóyá ọ̀mùtí ni bàbá mi tàbí olóòótọ́,
á gba nọ́ńbà rẹ̀ gbọ́,
á fi fa ìlà kan láti ọdún dé ọdún,
á ní: ẹ wò ó, bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń gùn sí i nìyí.

Ajíhìnrere Oyèkàn, tí ògiri kan pín wa,
a máa fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti òdìkejì:
"Ẹ̀yin tí ẹ ò gba ohun tí ẹ ò rí gbọ́!"
Bàbá á ní, "Ta ló ṣì ń fojú rí òjò àná?
Ó ti wọlẹ̀. Ó ti di ilá.
Ọwọ́ mi nìkan ló kù tí wọ́n ń gbà gbọ́."

Èmi náà wá ń kọ́ ọmọ ní físíìsì ní Òkè-Baálẹ̀.
Sìdíkátù, tó máa ń jókòó sẹ́bàá fèrèsé, bi mí:
"Àǹtí, omi tó hó lánàá ní ọgọ́rùn-ún,
ta ló ṣèlérí fún yín pé bẹ́ẹ̀ ló máa hó lọ́la?"
Mo la ẹnu. Mo pa á dé.
Mo ní kí wọ́n kọ iṣẹ́ àmúrelé.

Ọdún tí àìsàn dá bàbá mi dùbúlẹ̀,
ó ní kí n gbé ìwé òjò kan wá,
èyí tí ikán ti jẹ etí rẹ̀.
Oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀léra:
mọ́kàndínlógún, mọ́kàndínlógún, mọ́kàndínlógún.
"Irọ́ ni," ó ní.
"Òru tí ìyá rẹ kú lòjò náà bẹ̀rẹ̀.
Mi ò lè dìde. Nígbà tí mo débẹ̀,
agolo ti gba ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀.
Mo pín in lọ́gbọọgba
bí ẹni pín ẹran fún ọmọ."

Mo wo nọ́ńbà mẹ́ta náà títí.
Òjò kì í pín ara rẹ̀ lọ́gbọọgba.
Ẹni tó ń fa ìlà lọ́nà jíjìn yẹn á ti fura;
á ti bi agolo Ẹdẹ, á ti bi agolo Ìkìrun,
á ti fi àmì ìbéèrè kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbànújẹ́ wa
láìmọ̀ pé ìbànújẹ́ ni.
Mo rò pé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn:
kì í ṣe pé wọn ò nígbàgbọ́,
ìgbàgbọ́ wọn ń lọ bi aládùúgbò léèrè ni.
Ṣùgbọ́n ta ló máa bi aládùúgbò?
Níbì kan ṣá, ẹnìkan dá wà nínú ìrì
pẹ̀lú pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

N kò pa nọ́ńbà wọ̀nyẹn rẹ́.
Mo fi yíǹkì pupa kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn:
A kò wọn. Ìyá kú.

Èmi ni mò ń lọ báyìí, kí n tó wọ kíláàsì.
Láàárọ̀ yìí ọyẹ́ bo gbogbo Òròkí,
agolo gbẹ táútáú, aláǹtakùn ti ta òwú dí i lẹ́nu.
Mo mọ̀ pé òdo ni kí n tó bẹ̀rẹ̀.
Mo ṣì bẹ̀rẹ̀.