Ìdérí Agolo Mẹ́ta

Ìdérí agolo mílíìkì mẹ́ta ni mo kàn mọ́ pákó:
ọ̀kan ń jẹ́ dò, ọ̀kan ń jẹ́ re, ọ̀kan ń jẹ́ mí.
Kò sí bọ́tìnì tí à ń tẹ̀, kò sí okùn tí à ń ta.
Kí ìka ṣáà ti kan irin,
kí iná tín-ín-rín tó sá pamọ́ sára ènìyàn
yà kí irin,
kí sípíkà rédíò àlòkù sì dáhùn.

Àjọkẹ́ àbúrò mi ló ní kí n ṣe é.
Ó ní orúkọ òun ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀:
À, dò. Jọ, re. Kẹ́, mí.
Mo ní kò burú, ọjọ́ méjì péré.
Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.

Lọ́sàn-án, tí oòrùn bá mú wa ní Òkè-Bàlógun,
a gbọ́ràn bí ọmọ ilé kéú níwájú Áfáà.
Tó bá di ìdájí, tí ìkùukùu gòkè láti ọ̀sà,
a bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo fúnra rẹ̀:
mí, mí, mí, mí,
kò sì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.
Ìyá wa dìde jókòó lórí ẹní:
"Ta ló ń súfèé lóru nínú ilé mi?"

Mo nu ìdérí. Mo fi yanrìn ha ìpẹtà kúrò.
Mo tún gbogbo ojú òjé jó.
Mo ya wáyà re sọ́tọ̀ kúrò lára wáyà mí,
torí wọ́n ti sún mọ́ra jù, wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn
bí ayálégbé méjì tí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ là láàárín.
Ó rọlẹ̀ díẹ̀. Kò tán.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo wo iye tí irin ń kà.
Ọ̀sán: ogún. Ìdájí: ogójì ó lé mẹ́ta.
Èmi ni mo sì kọ ọ́ síbẹ̀
pé bó bá ti lé ní ogójì, ìka ti dé nìyẹn.
Áà. Ọ̀sà ló ń tẹ̀ ẹ́.
Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ tútù rẹ̀ tí kò ní ìka.
Mo wá kọ́ ọ kó máa kọ́kọ́ ka iye afẹ́fẹ́ láràárọ̀
kó tó wá ènìyàn.

Lọ́jọ́ Sátidé a gbé e lọ sétí omi
kí Bàbá Kàsúmù tó ń tún àwọ̀n ṣe lè gbọ́.
Ó yadi.
Nílé, tí wáyà rẹ̀ bá wà lára iná ìjọba, ẹnu rẹ̀ kì í dá.
Lórí bátìrì, lórí pákó èbúté, kò sọ nǹkan kan.
Baba gbé àtàǹpàkò lé dò,
àtàǹpàkò tí okùn ti sọ di ẹ̀yìn ahun.
Kẹ́kẹ́ pa.
Baba rẹ́rìn-ín: "Kò mọ̀ mí.
Ẹja náà kì í mọ̀ pé èmi ni, àfi tó bá ti pẹ́ jù."

Lẹ́yìn náà ló bi mí, kò tilẹ̀ wojú mi:
"Ìdákọ̀ró rẹ̀ dà?
Ohun tó léfòó, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan ń fa òun?"

Ó fi eyín já òjé kan kúrò létí àwọ̀n, ó jù ú sí mi.
Mo so ó mọ́ wáyà,
mo so wáyà mọ́ ẹnu bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò,
mo sọ ọ́ sómi, ó rì wọ ẹrẹ̀.
Baba ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ omi. Ó tún gbé àtàǹpàkò lé e.

Dò.

Àwọn tó ń fa ọkọ̀ gòkè yíjú padà.
Baba yọwọ́ kíá bí ẹni tí akàn gé jẹ,
ó tún dá a padà, jẹ́jẹ́.
Dò. Re.
Mí ṣì ń pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde, n ó wò ó lọ́la;
àmọ́ Àjọkẹ́, láti ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún,
ti ní "Ẹ̀n-ẹ́n, Baba!"
kí mí tó dé.